Àmín Ọjọ́ Mẹ́ta

Wọ́n ti ní kí n wọ aṣọ funfun lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀. Ìsìn ìdúpẹ́ fún ìyá bàbá mi ni. Àwa ẹbí yóò jáde síwájú ìjọ, èmi Dẹ̀bórà tí mo jẹ́ àgbà nínú àwọn ọmọọmọ ni màá dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, tí màá sì gbé orin. Àbúrò bàbá mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Kékeré, ti yan orin náà fún mi. Ó ní kí n má sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ọdún kẹrìnlá rèé tí Ìyá Àgbà dúró síbi kan náà, nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Manigri níbí, tí wọ́n ní kó dúpẹ́, tí ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ìjọ ká.

Ohun kan tún wà tó jẹ́ pé Ìyá Àgbà nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ọdún mẹ́rìnlá gbáko ni mi ò fi lè ṣe àmín. Mò ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mò ń kọrin, mò ń kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n tí àdúrà bá ti parí, màá la ẹnu, ohùn ò ní í jáde. Mo ti ń kọ́ ọmọ níwèé ní Bassila báyìí, ohùn mi ló ń mú kíláàsì dákẹ́, síbẹ̀ mi ò ní ohùn àmín ní gbogbo ọdún náà. Mi ò lè sọ irú ẹni tí Ìyá Àgbà jẹ́ kí n má sọ bí ohùn náà ṣe sọnù.

Obìnrin kúkúrú ni. Tó bá wọ àárín ebè nígbà tí ewé iṣu ti bo igi tí wọ́n fà á sí, gèlè rẹ̀ nìkan lèèyàn máa ń rí. Ẹnu rẹ̀ ló gùn. Kò fẹ́ràn kí wọ́n máa yí ọ̀rọ̀ po níwájú òun. Àlejò yóò wọlé, yóò béèrè àlàáfíà ọmọ, yóò béèrè ti ewúrẹ́, yóò dé orí adìẹ, Ìyá Àgbà yóò sì máa wò ó bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀. Nígbà tó bá sú u, yóò ní: "Ara adìẹ le. Mu omi, kó o sọ nǹkan tó gbé ọ wá."

Bó ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ náà ló ṣe ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀. Ní gbogbo òwúrọ̀, kó tó dáná, yóò gbé àpótí sínú ilé ìdáná, yóò jókòó kọjú sí ògiri. Ọ̀nà kan náà ló máa ń gbà bẹ̀rẹ̀: "Bàbá, èmi Felísítè nìyí. Mo ti dé." Lẹ́yìn náà ni yóò wá ròyìn. Èyí tó dùn mọ́ ọn nínú, yóò sọ ọ́. Èyí tí kò dùn mọ́ ọn, yóò sọ ọ́ gùn ju ìyẹn lọ. Ọdún kan wà tí òjò dúró lẹ́yìn tí a ti gbin iṣu, oòrùn ń jó ilẹ̀. Mo gbọ́ ọ tó ń sọ fún ògiri pé: "O rí gbogbo ebè tí a kọ. Ẹ̀yìn mi ò tíì yéé ro mí. Ṣé o fẹ́ kí irúgbìn yìí jóná ni? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, sọ fún mi, kí n lọ dùbúlẹ̀."

Mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá nígbà náà. Olùkọ́ wa níléèwé ọjọ́ Ìsinmi ti sọ fún wa pé a gbọ́dọ̀ bẹ̀rù Ọlọ́run. Mo bi Ìyá Àgbà pé ṣé ẹ̀rù ò bà á láti máa bínú sí Ọlọ́run báyẹn. Ó ń fẹ́ iná lọ́wọ́, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ẹni tí mo bá bínú sí tí mi ò sọ fún," ó ní, "ẹni yẹn ni mo ti kọ̀ sílẹ̀. Mi ò tíì kọ Ọlọ́run sílẹ̀."

Nígbà tí mo wọ iléèwé girama, ojú mi là, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà ní èdè Faransé. Ó dùn létí mi, ó sì jọ pé mo ti di èèyàn ńlá. Ìyá Àgbà fara balẹ̀ gbọ́ mi títí mo fi parí. Ó wá ní kí n sọ ohun tí mo bèèrè fún un ní èdè wa. Mo gbìyànjú. Mi ò mọ ohun tí mo bèèrè. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń jáde lójú rẹ̀. Ó ní: "Ọlọ́run gbọ́ Faransé dáadáa. Ìwọ ni o ò tíì gbọ́ ọ."

Ó yẹ kí n sọ ti àká iṣu rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ wà. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni yóò wọ inú rẹ̀, yóò máa fi àtàǹpàkò tẹ iṣu wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ibì kan bá ti rọ̀ lára rẹ̀, yóò gbé e jáde, yóò fi ọ̀bẹ gé ibi tó ń jẹrà kúrò títí yóò fi kan ibi tó funfun, yóò fi eérú pa ojú ibẹ̀, yóò sì gbé e sí gbangba kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i. Irú iṣu bẹ́ẹ̀ a tún wúlò. Lọ́dún kan, bàbá mi, Josúè, tó jẹ́ àkọ́bí rẹ̀, rí i pé díẹ̀ nínú iṣu tòun ti ń rọ̀. Ojú tì í, nítorí àwọn oníṣòwò ń bọ̀ láti Bassila. Ó kó àwọn tó ń rọ̀ sí ìsàlẹ̀, ó fi èyí tó dára bò wọ́n. Kí oṣù tó parí, gbogbo igun yẹn ti di omi. Ìyá Àgbà ló ní kó kó o jáde, agbọ̀n kan tẹ̀ lé òmíràn, níṣojú gbogbo wa, òun sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà. "Ẹni tó bo iṣu tó ń rà," ó ní, "òórùn ni yóò bá a ṣí i."

Bàbá mi kò bínú. Ó fẹ́ràn ìyá rẹ̀ ju bó ṣe fẹ́ràn ara rẹ̀ lọ. Ìyá mi ti fẹ́ ọkọ mìíràn ní Savalou láti kékeré mi, nítorí náà àwa mẹ́ta la jọ ń gbé: Ìyá Àgbà, bàbá mi, àti èmi. Tí àsìkò kajú bá dé, bàbá mi yóò gun alùpùpù rẹ̀ lọ sí agbègbè Pénéssoulou, yóò ra kajú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀, yóò di àpò mẹ́ta sẹ́yìn, yóò sì padà wálé. Ó lọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan. Ọkọ̀ akẹ́rù kan gbá a lójú títì. Kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn ní Bassila, ó ti kú.

Bàbá Kékeré ló wá gbé mi níléèwé. Ó mú mi lọ sábẹ́ igi máńgòrò, ó ní: "Dẹ̀bórà, bàbá rẹ ti lọ." Bí mo ṣe la ẹnu láti ké, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó. Ó ní: "Má sunkún. Tó o bá sunkún, ojú rẹ á wú, Ìyá á sì mọ̀. A ò tíì lè sọ fún un."

Kò ṣe ìkà. Bí a ṣe ń ṣe nìyẹn. Ní ọ̀dọ̀ wa, a kì í la ikú ọmọ mọ́ ìyá lórí. A ó ní ara rẹ̀ ò yá. Lọ́jọ́ kejì, a ó ní ó le díẹ̀. Báyìí la ó máa rọra gbé e wá títí ọkàn rẹ̀ yóò fi gbà á. Òbí kì í sì í dé ibi ìsìnkú ọmọ, kò gbọdọ̀ fojú rí ibojì náà. Gbogbo ẹni tó wà nínú ẹbí ló mọ ètò yìí, kò sí ẹni tó nílò kí wọ́n kọ́ ọ. Wọ́n sọ fún Ìyá Àgbà pé kàmíọ̀n gbá Josúè, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, ó wà ní lopitáà, wọ́n ń fa omi sẹrọ́mù sí i lára, wọn ò sì gbà kí èrò wọlé. Èmi ni wọ́n fi tì í. Èmi ni wọ́n ní yóò gbà gbọ́.

Ó bi mí. Ó ní: "Ìwọ rí i?" Mo ní mo rí i. Ó ní: "Ó sọ̀rọ̀?" Mo ní ó sọ̀rọ̀, ó ní kí wọ́n kí yín.

Ó so ìró rẹ̀ le. Ó ní ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ni òun máa gbà, kò sí oúnjẹ, títí Ọlọ́run yóò fi gbé ọmọ òun dìde. Ó tẹ́ ẹní sí yàrá, ó ní kí n wá kúnlẹ̀. "Àdúrà ẹnì kan kì í tó," ó ní, "ìwọ ni wàá máa bá mi ṣe àmín." Àárọ̀, ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́. Ọwọ́ mi máa ń wà nínú ọwọ́ rẹ̀. Ó ń dárúkọ bàbá mi, ó ń dárúkọ eegun ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń sọ fún Ọlọ́run pé kó so ó pọ̀. Lọ́sàn-án Ọjọ́rú, bí ó ṣe ń sọ pé "Gbé Josúè dìde lórí ibùsùn yẹn", mo mọ̀ pé wákàtí yẹn gan-an ni wọ́n ń kó yẹ̀pẹ̀ bò ó ní Bassila. Mo ṣe àmín. Mo ṣe é ketekete, kó má baà fura.

Lọ́jọ́bọ̀, pásítọ̀ wa ìgbà náà wá bá wa gbàdúrà. Ọkùnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún ni, tó máa ń sọ pé onígbàgbọ́ kì í banú jẹ́. Òun ló sìnkú bàbá mi. Ó kúnlẹ̀ sórí ẹní, ó bá Ìyá Àgbà bẹ Ọlọ́run fún ìwòsàn ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ sin lánàá. Yẹ̀pẹ̀ pupa ibi ìsìnkú ṣì wà létí bàtà rẹ̀. Ó pẹ́ kí Ìyá Àgbà tó sọ fún mi pé òun rí bàtà náà, pé òun sì sọ fún ara òun pé kí òun má wò ó.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn tí a gbàdúrà tán, àwọn àgbà ẹbí wọlé. Wọ́n pọ̀. Wọ́n ti ṣí fìlà. Ìyá Àgbà wò wọ́n lójú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbé ọwọ́ sókè kí èyí tó dàgbà jù tó la ẹnu.

"Ẹ má wulẹ̀ sọ ọ́," ó ní. "Ẹ sọ ọjọ́ nìkan fún mi."

Bàbá Kékeré ló sọ ọ́, ó wolẹ̀. "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ìyá."

Ó ka ọjọ́ lórí ìka. Ìṣẹ́gun. Ọjọ́rú. Ọjọ́bọ̀. Nígbà tó kà á tán, kò wo ẹnì kankan nínú wọn. Èmi ló wò. Ó ní: "Ìwọ náà mọ̀?" Mo ní mo mọ̀. Ó yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú tèmi, ó sì ní kí wọ́n fún òun lómi mu.

Àwọn abánikẹ́dùn dé, ilé kún. Obìnrin kan nínú wọn ń gbọ̀n ọ́n léjìká, ó ń sọ pé: "Ẹ má sunkún, Ìyá. Ẹni tó ní ìgbàgbọ́ kì í sunkún." Ìyá Àgbà ní kó jókòó. Obìnrin náà jókòó. "Jésù fúnra rẹ̀ kígbe lórí àgbélébùú," Ìyá Àgbà ní, "kò sì sí ẹni tó ní kó dákẹ́. Tó o bá fẹ́ bá mi jókòó, bá mi jókòó."

Lọ́jọ́ Ìsinmi kejì ni a jáde fún ìdúpẹ́, gẹ́gẹ́ bí ìjọ wa ṣe máa ń ṣe. Aṣọ funfun ni gbogbo wa wọ̀. Pásítọ̀ ní kí Ìyá wa dúpẹ́ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó sì gbé orin. Ìyá Àgbà dúró. Ó ní: "Mi ò ní í dúpẹ́ lónìí. Mo ní ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá Ọlọ́run sọ, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́, nítorí pé gbogbo yín lẹ bá mi gbàdúrà ìjọ́sí."

Pásítọ̀ ṣẹ́jú sí àwọn akọrin. Wọ́n gbé orin. Ìyá Àgbà kò jà, kò pariwo. Ó dúró títí wọ́n fi kọ ọ́ tán. Ó ní: "Bàbá, èmi Felísítè nìyí." Wọ́n tún gbé òmíràn. Ó tún dúró. Èmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá Kékeré fà á láṣọ lẹ́yìn, ó ní: "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ jókòó." Kò kúrò lójú kan. Ẹ̀ẹ̀kẹta tí wọ́n fẹ́ gbé orin, ohùn aṣáájú wọn já, kò sí ẹni tó gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ìyá Àgbà tún bẹ̀rẹ̀:

"Bàbá, èmi Felísítè nìyí. Mo ti dé. Inú mi ò dùn sí ọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi bẹ̀ ọ́ nítorí ọmọ tó ti kú. Àwọn èèyàn yìí mọ̀, wọn ò sọ fún mi. Mo gbà fún wọn. Èèyàn ni wọ́n, ẹ̀rù ló bà wọ́n. Ìwọ ńkọ́? Ìwọ mọ̀. Ò ń gbọ́ mi, o sì dákẹ́. Mi ò ní ọpẹ́ kankan lọ́wọ́. Ẹkún ni mo ní, òun ni mo gbé wá. Tó o bá fẹ́ ẹ, gbà á. Tó ò bá fẹ́ ẹ, mi ò ní ibòmíràn tí màá gbé e lọ."

Ó wá ké. Mi ò tíì gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ rí, mi ò sì tún fẹ́ gbọ́ ọ mọ́. Àwọn kan dìde, wọ́n jáde. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, wọn kì í ṣe ẹbí wa, òkú tiwọn ni wọ́n ń sun. Èmi dúró gbọnyin. Omi kan ò jáde lójú mi. Àtẹ́lẹwọ́ Bàbá Kékeré ṣì wà lẹ́nu mi, bó ṣe rí lára mi nìyẹn.

Wọ́n ní ó ti sọ̀rọ̀ òdì sí Ọlọ́run. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ jẹ oúnjẹ Olúwa mọ́ títí yóò fi jẹ́wọ́. Bàbá Kékeré bẹ̀ ẹ́ títí, nítorí wọ́n ti fẹ́ fi í jẹ díákónì, ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ sì ń dí i lọ́wọ́. Ìyá Àgbà ní: "Kí n tọrọ àforíjì pé mo sọ òótọ́ fún ẹni tó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀?" Síbẹ̀ kò pa oṣù kankan jẹ. Tí ọjọ́ oúnjẹ Olúwa bá pé, àga iwájú ló ń jókòó sí. Tí wọ́n bá gbé àwo kọjá lára rẹ̀, yóò sọ ọ́ wẹ́lẹ́, láìsí ìbínú: "Mo wà níbí o." Oṣù mẹ́jọ ló fi sọ ọ́.

Mo rò pé yóò fi ìjọ sílẹ̀. Nígbà mìíràn mo fẹ́ kó fi í sílẹ̀, kí n lè rí àwáwí fi tèmi náà sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí a ń ṣa kajú nídìí igi, òun àti èmi nìkan, ó bi mí láìwò mí lójú: "Àmín mélòó lo ṣe?"

Mo ní mẹ́sàn-án. Mo ti kà wọ́n tipẹ́. Ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́ Ìṣẹ́gun, mẹ́ta Ọjọ́rú, mẹ́ta Ọjọ́bọ̀, àti ti àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì.

Ó já èso kajú kan, ó yọ kóró rẹ̀, ó sọ ọ́ sínú garawa. "Mi ò bínú sí ọ," ó ní. "Mo ti bínú sí ọ tẹ́lẹ̀, mo sì ti sọ fún Ọlọ́run, ó ti tán. Ṣùgbọ́n mẹ́sàn-án ti pọ̀ jù fún ọmọdé. Má gbé e kiri. Gbé e lọ fún un." Mo ní mo gbọ́. Mi ò ṣe é. Ẹ̀rù bà mí pé tí mo bá la ẹnu, Ọlọ́run yóò bi mí léèrè irọ́ mẹ́sàn-án náà. Ó mọ̀ pé mi ò ṣe é. Gbogbo ìgbà tí a bá gbàdúrà tán nílé, yóò dúró díẹ̀, yóò tẹ́tí, yóò wá dìde. Kò sọ nǹkan kan sí i rí, ìdúró díẹ̀ yẹn sì dùn mí ju ìbáwí lọ.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan pásítọ̀ wá sí àká iṣu. Ìyàwó rẹ̀ ti bí òkú ọmọ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, a sì ti rí pásítọ̀ lórí pẹpẹ tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń sọ fún wa pé ayọ̀ òun kún. Ìyá Àgbà kò kí i ní ìkíni abánikẹ́dùn. Ó nawọ́ ọ̀bẹ sí i, ó nawọ́ iṣu kan sí i. Pásítọ̀ jókòó sórí ilẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò rẹ̀ tó mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé ibi tó rà, ó ń fi eérú pa á. Èmi ń gbá ẹnu ọ̀nà. Pásítọ̀ gé iṣu náà tán kó tó la ẹnu.

"Ìyá," ó ní, "mi ò lè gbàdúrà mọ́. Tí mo bá la ẹnu, orin ló ń jáde."

"Ẹ sọ ìyẹn fún un," Ìyá Àgbà ní. "Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀."

Ní ọjọ́ oúnjẹ Olúwa tó tẹ̀ lé e, pásítọ̀ fúnra rẹ̀ gbé àwo wá síwájú àga Ìyá Àgbà, ó dúró. Ìyá Àgbà kò tọrọ àforíjì, wọn ò sì kà á sí ìjọ létí pé wọ́n ti dárí jì í. Ìyá Àgbà mú búrẹ́dì. "Ẹ ṣeun, pásítọ̀," ó ní. "Ebi ti ń pa mí tipẹ́."

Báyìí ni mo ṣe dé orí oṣù tó kọjá. Inú Ìyá Àgbà ti ń wú, oúnjẹ kì í dúró fún un. Wọ́n gbà á sílé ìwòsàn ní Bassila. Dókítà pe èmi àti Bàbá Kékeré síta, ó ní àìsàn náà ti wọ ẹ̀dọ̀, kò sí ohun tí iṣẹ́ abẹ lè ṣe sí i, kí a múra. Bàbá Kékeré fi ẹ̀yìn ti ògiri. Irun rẹ̀ ti funfun. Ó ní: "A ò ní í sọ fún un. A ó ní ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n máa jẹ́ kó lọ sílé. Ìwọ ni á bi, Dẹ̀bórà. Ìwọ ló máa ń gbà gbọ́."

Mo wò ó. Kò mọ ohun tó sọ. Mo rí igi máńgòrò yẹn, mo rí ẹní yẹn, mo rí ọwọ́ rẹ̀. Mo fẹ́ bínú sí i, mi ò rí ìbínú náà, nítorí ìyá tirẹ̀ ló ń kú, ẹ̀rù ló sì ń bà á.

Mo wọlé. Ìyá Àgbà ti yí ojú sí ẹnu ọ̀nà, ó ń dúró. Ó ti kéré sí i lórí ibùsùn náà. Bàbá Kékeré tẹ̀ lé mi, ó dúró lẹ́yìn mi gbágbá.

"Kí ni dọ́kítọ̀ wí?"

Mo gbọ́ bí Bàbá Kékeré ṣe hú ikọ́ lẹ́yìn mi. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ti wà lórí ahọ́n mi. Ó rọrùn. Yóò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, èyí tí kò sí abẹ́rẹ́ lára rẹ̀.

"Ó ní kò ní í sàn, Ìyá."

Bàbá Kékeré mí kanlẹ̀. Ìyá Àgbà wo omi sẹrọ́mù tó ń kán. Ó wá ní: "Ó sọ ọjọ́?"

"Kò sọ ọjọ́. Ó ní kò ní í pẹ́."

"O ṣeun," ó ní. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Ó ní: "Ẹ̀rù ń bà mí, Dẹ̀bórà. Bá mi sọ fún un. Mi ò ní èémí."

Kò sí ibi tí mo lè sá sí. Mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ ilé ìwòsàn. Ohùn tó jáde kò jọ tèmi.

"Bàbá, èmi Dẹ̀bórà nìyí. Mo ti dé. Ó ti pẹ́ tí mo ti yẹ kí n wá. Inú mi ò dùn sí ọ. O mú bàbá mi, mi ò sì rí àyè sunkún rẹ̀. Mo purọ́ fún Ìyá lójú rẹ, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án, àwọn àmín náà ló dí mi lọ́nà ọ̀fun láti ọjọ́ yẹn. Báyìí o tún fẹ́ mú Ìyá. Mi ò fẹ́ kó lọ. Ẹ̀rù ń bà á, ẹ̀rù sì ń bà mí. Mi ò mọ ohun tí màá bèèrè. Tó bá jẹ́ pé wàá dákẹ́ lọ́tẹ̀ yìí náà, má lọ. Jókòó tì wá."

Ibẹ̀ ni ẹkún ti gbé mi. Ẹkún bàbá mi ni, ẹkún ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, mo sì sun ún bí ọmọdé, imú mi ń ṣàn sára aṣọ ibùsùn. Ìyá Àgbà gbé ọwọ́ rẹ̀ lé mi lórí. Ó wúwo díẹ̀, ó gbóná.

"Àmín," ó ní. Ó wá dúró, ó tẹ́tí, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe. "Ìwọ ńkọ́?"

Mo ní àmín. Ó jáde. Lẹ́yìn mi, lẹ́nu ọ̀nà, mo gbọ́ ohùn kẹta, ti Bàbá Kékeré.

Ìyá Àgbà lo ọjọ́ mẹ́ta sí i kó tó kú. A ń gbàdúrà láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́. Nígbà mìíràn ohun tó sọ ò ju "Mo ti dé" lọ. Mi ò ka iye àmín tí mo ṣe. Kò sí irọ́ nínú ọ̀kankan.

Lóòótọ́, Bàbá Kékeré gbọ́ gbogbo rẹ̀ níbẹ̀, síbẹ̀ òun náà ló yan orin fún mi tó ní kí n má sọ̀rọ̀ púpọ̀. Èèyàn kì í fi ọjọ́ mẹ́ta yí padà. Mo ti ń múra láti dúró bí ìyá rẹ̀ ṣe dúró, kí àwọn akọrin kọ tiwọn tán kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí, bí mo ṣe ń kọ èyí lórí àpótí Ìyá Àgbà nínú ilé ìdáná, ó wọlé. Ó ṣì ń wolẹ̀ bó ṣe wolẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì yẹn. Ó bi mí pé ṣé mo ṣì fẹ́ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo sì máa sunkún kí n tó gbé orin.

Ó wo ògiri tí ìyá rẹ̀ máa ń kọjú sí.

"Ó dáa," ó ní. "Èmi ni màá sọ fún àwọn akọrin kí wọ́n dákẹ́."